Bí mo ṣe ń pààrọ̀ ọkọ̀ fún Tor nígbà tí ọ̀nà bá dí

Okun o, ẹ̀yin èèyàn mi.

Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kékeré kan ni mo ní ní Kábbà, kò jìnnà sí ọjà. Fọ́tò páásípọ́ọ̀tù, ìtẹ̀wé, fọ́ọ̀mù JAMB, àtúnṣe láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀: iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyẹn. Ṣùgbọ́n láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni àwọn kan ti ń wá bá mi nítorí Tor, ètò tó ń gbé dátà gba ọ̀nà kọ̀rọ̀ kí ẹni tó ni nẹ́tíwọ̀kì má baà mọ ibi tí ẹ ń lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀dọ́mọbìnrin oníròyìn kan wà nínú wọn tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ àwọn tó ń bá a sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ tí wọ́n ti ń wa kùsà. Nọ́ọ̀sì kan wà tó ń kà nípa àìsàn ara rẹ̀, tí kò sì fẹ́ kí ẹni tó ni Wi-Fi ibi iṣẹ́ rẹ̀ mọ̀. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn máa ń bi mí: "Àǹtí, ó ti dúró o, kò lọ mọ́. Kí ni kí n tẹ̀?"

Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni mo kọ síbí, kí ẹni tó wà ní Mọ̀pà tàbí Ìsánlú má baà máa wọkọ̀ wá sí Kábbà nítorí ohun tó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

Lọ́jọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2021, Twitter kò ṣí mọ́ ní Nàìjíríà. Ìjọba ló pàṣẹ, bẹ́ẹ̀ ló sì wà títí di ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2022. Ní gbogbo àkókò yẹn, n kò lo ọkọ̀ àrà ọ̀tọ̀ kankan (ètò kékeré tó ń bá Tor kọjá níbi tí wọ́n ti dí i ni mo ń pè ní ọkọ̀). Mo ṣí Tor Browser, ìyẹn browser tó ń gba inú Tor kọjá, mo tẹ Connect, Twitter sì jáde. Twitter ni wọ́n dí, Tor fúnra rẹ̀ ń wọlé lọ́dọ̀ mi bó ṣe máa ń wọlé tẹ́lẹ̀. Mo sọ èyí ṣáájú nítorí pé mo ti rí ẹni tó ń wá oògùn àìsàn tí kò ṣe é. Bí Tor bá ń wọlé láìsí ìrànwọ́, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí máa ń dín eré rẹ̀ kù, ìgbà tí ọ̀nà bá dí gan-an ló wúlò.

Ibi tí ọ̀nà ti dí mọ́ èmi ni ilé ẹ̀kọ́ kan tí mo lọ gba ìdálẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wi-Fi wọn kò gba Tor rárá. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi ń tẹ nǹkan kiri: mo yí àdírẹ́ẹ̀sì, mo yí ọkọ̀, mo yí aago, mo pa ẹ̀rọ, mo tún un tàn, gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tó wọlé lọ́jọ́ karùn-ún, n kò mọ èwo nínú gbogbo ohun tí mo yí ló ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kẹfà ó tún dí, mo sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ òfo. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ kò bá rántí nǹkan mìíràn nínú ohun tí mo kọ, ẹ rántí èyí: ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì ka ohun tí Tor sọ kí ẹ tó yí òmíràn.

Ìkíni ni wọ́n fi ń dá wa mọ̀

Bí ọmọ ilẹ̀ wa bá dé Ìbàdàn tó ní "Okun o", kò tíì dárúkọ ìlú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ ti mọ apá ibi tó ti wá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Tor rí. Ibùdó mẹ́ta ni dátà yín ń gbà kọjá kó tó dé ibi tó ń lọ, wọ́n sì ti dì í débi pé ẹni tó ni Wi-Fi kò lè ka inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní kó má rí i pé ẹ ń lo Tor. Ọ̀nà méjì ló lè gbà mọ̀. Ọ̀kan ni àdírẹ́ẹ̀sì: àkójọ gbogbo ibùdó Tor wà ní gbangba, ẹni tó bá fẹ́ lè kó gbogbo rẹ̀ kó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Èkejì ni ìkíni: bí Tor ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ibùdó àkọ́kọ́ ní àmì tí ẹ̀rọ aṣọ́nà lè dá mọ̀.

Afárá ló wà fún ti àkọ́kọ́. Bridge ni ẹ máa rí lójú Tor. Ibùdó Tor kan ni, tí wọn kò kọ sínú àkójọ gbangba yẹn. Ọkọ̀ ló wà fún ti ìkejì. Pluggable transport ni àwọn tó ṣe é ń pè é. Ètò kékeré kan ni, ó dúró láàárín Tor àti íntánẹ́ẹ̀tì, òun ló ń yí ìrísí dátà padà kí ìkíni rẹ̀ má jọ ti Tor mọ́.

Bí àwọn méjèèjì ṣe ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ dùn mọ́ mi púpọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ díẹ̀. Tor fúnra rẹ̀ ló ń jí ètò ọkọ̀ yìí. Bí ètò náà bá ti jí, ó ṣí ilẹ̀kùn kan lórí ẹ̀rọ yín kan náà, ní 127.0.0.1, ó sì fi ìlà kan ránṣẹ́ sí Tor tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú CMETHOD, tó dárúkọ ara rẹ̀, tó sì sọ nọ́ńbà ilẹ̀kùn tó ṣí. Láti ìgbà náà, gbogbo ohun tí Tor bá fẹ́ fi ránṣẹ́, ilẹ̀kùn yẹn ló ń gbé e sí. Bí ọkọ̀ ṣe máa gbé e dé òdìkejì kò kan Tor mọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi lè yọ ọ̀kan kí a fi òmíràn sí i láìfọwọ́ kan ìyókù. Láti Kábbà, ẹ lè gba Ọ̀bájánà lọ sí Lọ́kọ́ja, ẹ sì lè gba Òkéné. Èrò inú ọkọ̀ kò yí padà, ẹrù rẹ̀ náà kò yí padà.

Àwọn kan rò pé ọkọ̀ tó le jù ló máa fi wọ́n pamọ́ jù. Rárá o. Tor ló ń fi yín pamọ́. Iṣẹ́ ọkọ̀ ò ju kí ẹ lè dé ẹnu ọ̀nà Tor lọ.

Àwọn ọkọ̀ tó wà nílẹ̀

obfs4 ni mo máa ń kọ́kọ́ gbé. Ó máa ń mú kí dátà dà bí ohun tí kò ní orí tí kò ní ìdí, kò jọ Tor, kò jọ nǹkan mìíràn. Ohun tó mú un dára ni pé afárá obfs4 ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, kọ́kọ́rọ́ yẹn sì wà nínú ìlà ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa fún yín nígbà tí ẹ bá gba afárá, níbi tí wọ́n kọ cert= sí. Bí ẹ̀rọ aṣọ́nà bá lọ kan ilẹ̀kùn afárá náà láti mọ̀ bóyá Tor ló wà níbẹ̀, tí kò sì ní kọ́kọ́rọ́, afárá kò ní dá a lóhùn. Ní Ṣáínà, bí wọ́n ṣe ń wá afárá ayé ijọ́un kàn nìyẹn: wọ́n á kàn án, á dáhùn, wọ́n á dí i.

Ṣùgbọ́n obfs4 ní ibi tó ti máa ń já ènìyàn kulẹ̀, òun ló sì já mi kulẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ yẹn. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn àmì (:) tó tẹ̀lé àdírẹ́ẹ̀sì nínú ìlà afárá. Bó bá jẹ́ 443, nọ́ńbà yẹn ni gbogbo ìkànnì tó ní https ń lò, agbára káká ni nẹ́tíwọ̀kì kan fi máa dí i. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà mìíràn, bíi 9002 tàbí 34521, nẹ́tíwọ̀kì tó jẹ́ pé 80 àti 443 nìkan ló ṣí kò ní jẹ́ kó kọjá, kódà kí afárá náà dára bí wúrà. Mo ti gba afárá mẹ́ta tó dára, mo sì rò pé gbogbo wọn ti kú. Nọ́ńbà wọn ni kò bá ẹnu ọ̀nà mu.

Snowflake yàtọ̀ pátápátá. Àwọn ènìyàn kárí ayé ló ń fi browser wọn yá wa gba ibẹ̀ kọjá. Ẹnì kan lè wà ní Jámánì, kó fi Snowflake sí Firefox tàbí Chrome rẹ̀, kí dátà yín máa gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ láìjẹ́ pé ó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ẹni yẹn bá pa kọ̀ǹpútà rẹ̀, Snowflake á wá ẹlòmíràn fún yín. Lójú aṣọ́nà, ó jọ ìpè fídíò, nítorí WebRTC tí wọ́n ń lò fún ìpè fídíò ló ń lò. Ìyẹn náà ni àléébù rẹ̀: UDP, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí dátà ń gbà rìn, ló ń gbà, ilé iṣẹ́ tàbí ilé ẹ̀kọ́ tó bá sì ti dí UDP ti dí Snowflake. Lórí dátà fóònù níhìn-ín ní Kábbà, ó máa ń wọlé fún mi, àmọ́ ó nílò sùúrù.

WebTunnel ni ọmọ tuntun. Oṣù kẹta ọdún 2024 ni Tor Project kéde rẹ̀. Ìkànnì https lásán ló jọ. Afárá rẹ̀ lè wà lẹ́yìn ìkànnì gidi kan, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ṣí àdírẹ́ẹ̀sì yẹn nínú browser á rí ìkànnì, kò ní rí Tor. Ní ibi tí wọ́n ti fi dandan lé 443, òun ni mo fọkàn tán jù báyìí. Ohun kan tó máa ń ba àwọn oníbàárà mi lẹ́rù: ìlà WebTunnel sábà máa ń ní àdírẹ́ẹ̀sì kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2001:db8. Àdírẹ́ẹ̀sì àpẹẹrẹ ni, kò sí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀, wọ́n kàn fi dí àyè rẹ̀ ni. Ibi tí ọkọ̀ ń lọ gan-an wà lẹ́yìn url= ní apá ìparí ìlà. Ẹ má pa 2001:db8 yẹn rẹ́, ẹ má sì gbìyànjú láti tún un ṣe.

meek ni ìkẹrin. Ó máa ń mú kó dà bí ẹni pé ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ń gbé ìkànnì àwọn ẹlòmíràn ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀. Ó lọ́ra gan-an. Mo máa ń fi í sí ìkẹyìn.

Nínú Tor Browser

Ẹ wá Tor Browser láti torproject.org. Bí ìkànnì náà kò bá ṣí, ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́ sí gettor@torproject.org, wọ́n á fi ibi tí ẹ ti lè rí i ránṣẹ́ padà. Ẹ má gba èyí tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kódà kí ó jẹ́ ọmọ ìyá yín, nítorí ẹ kò mọ ibi tí òun náà ti gbà á.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣí i, ẹ tẹ ìlà mẹ́ta òkè lápá ọ̀tún, ẹ yan Settings, ẹ wá yan Connection lápá òsì. Ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ wà. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí wọ́n kọ Bridges sí. Ọ̀rọ̀ orí bọ́tìnì lè yí díẹ̀ láti ẹ̀dà kan sí òmíràn, ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ni ẹ máa rí: kí ẹ yan afárá tó ti wà nínú Tor Browser tẹ́lẹ̀, kí ẹ tọrọ tuntun lọ́wọ́ Tor, tàbí kí ẹ fi ọwọ́ ara yín lẹ èyí tí ẹ ti gbà mọ́ ọn.

Ẹ kọ́kọ́ yan obfs4 tó ti wà nínú rẹ̀, ẹ tẹ Connect, ẹ sì dúró tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Àwọn afárá inú rẹ̀ yìí kì í ṣe àṣírí, gbogbo ẹni tó gba Tor Browser ló ní wọn, nítorí náà ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ìdíwọ́ dáadáa á ti dí wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ Wi-Fi ilé iṣẹ́ àti ilé ẹ̀kọ́ kò ṣe é dé ibẹ̀ yẹn. Bí kò bá lọ, ẹ gba Snowflake. Bí ìyẹn náà kò bá lọ, ó tó àkókò láti gba afárá tiyín.

Ẹ lè gba afárá ní bridges.torproject.org. Ẹ lè fi ímeèlì ránṣẹ́ sí bridges@torproject.org, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ jẹ́ láti Gmail tàbí Riseup, wọn kì í dá àwọn yòókù lóhùn. Ẹ lè bá @GetBridgesBot sọ̀rọ̀ lórí Telegram. Èyí tó bá ṣí lọ́dọ̀ yín ni kí ẹ lò. Mo máa ń gba obfs4 méjì àti WebTunnel kan fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan, mo sì máa ń gbà wọ́n nígbà tí ọ̀nà ṣì là. Ẹni tó bá dúró di ọjọ́ tí ohun gbogbo dí kò ní rí ibi tó máa gbà lọ tọrọ.

Bí ẹ bá ń lẹ ìlà afárá mọ́ ọn, kí ó wà lórí ìlà kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ afárá jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 40. Kọ́kọ́rọ́ obfs4 lẹ́yìn cert= jẹ́ 70. Mo máa ń kà wọ́n. Ó lè dà bí iṣẹ́ àṣejù, ṣùgbọ́n lẹ́tà kan tó bọ́ nígbà tí ẹ ń dà á kọ ti tó láti gba ọ̀sán kan lọ́wọ́ yín.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti lẹ̀ ẹ́, Tor Browser á fi àwòrán kéékèèké mẹ́rin hàn fún afárá kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fojú di àwòrán yẹn. Àmì afárá náà ni, a sì lè kà á fún ara wa lórí fóònù láìdárúkọ àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀.

Bí ẹ bá ń lo tor láìsí browser

Apá yìí wà fún ẹni tó ní Debian tàbí Ubuntu, tó sì fẹ́ kí ètò mìíràn gba inú Tor kọjá. Ẹlòmíràn lè fò ó.

Ẹ fi àwọn ohun tó yẹ síbẹ̀:

sudo apt install tor obfs4proxy snowflake-client

Ẹ ṣí fáìlì /etc/tor/torrc, ẹ lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹ kọ ìlà mẹ́ta yìí:

UseBridges 1
ClientTransportPlugin obfs4 exec /usr/bin/obfs4proxy
Bridge obfs4 192.0.2.15:443 NỌ́ŃBÀ-ÌDÁNIMỌ̀ cert=KỌ́KỌ́RỌ́ iat-mode=0

Àpẹẹrẹ ni 192.0.2.15, kò sí afárá níbẹ̀, ẹ fi èyí tí wọ́n fún yín rọ́pò rẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ ń sọ fún Tor pé afárá nìkan ni kó gbà. Ìkejì ń dárúkọ ọkọ̀, ó sì ń sọ ibi tí ètò rẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ. Ìkẹta ni afárá fúnra rẹ̀. Orúkọ ọkọ̀ nínú ìlà kejì àti ìkẹta gbọ́dọ̀ bára mu. Bí ẹ bá kọ afárá obfs4 tí ẹ kò sì kọ ClientTransportPlugin fún un, Tor kò ní mọ ẹni tó máa wà á.

Lórí àwọn ẹ̀rọ kan, lyrebird ni orúkọ ètò náà báyìí, òun kan náà ni obfs4proxy ti tẹ́lẹ̀, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ ni. Ẹ tẹ which obfs4proxy tàbí which lyrebird, ibi tó bá sọ ni kí ẹ kọ. Ẹ má gbé ètò náà sínú fóldà ilé yín o. AppArmor, ẹ̀ṣọ́ tó wà lórí Debian, lè má jẹ́ kí Tor jí i láti ibẹ̀, ẹ ó sì máa wá àṣìṣe nínú torrc nígbà tí torrc kò ṣe nǹkan kan.

Ẹ lè kọ ìlà Bridge tó pọ̀, ọ̀kan lábẹ́ èkejì, ẹ sì lè kọ ClientTransportPlugin fún ọkọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Tor á gbìyànjú wọn. Bí ẹ bá ń wá àṣìṣe, ẹ fi # síwájú gbogbo wọn, kí ẹ wá máa ṣí ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ní ti Snowflake, ìlà rẹ̀ gùn, ó ní url=, fronts= àti ice= nínú, àwọn ìkànnì tó wà nínú fronts= sì máa ń yí padà. Ẹ má dà á kọ láti inú ìwé tó ti pẹ́. Ẹ mú un láti inú Tor Browser tó jẹ́ tuntun. WebTunnel náà, inú Tor Browser ni mo máa ń gbà á, ó rọrùn níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà:

sudo -u debian-tor tor --verify-config
sudo systemctl restart tor
sudo journalctl -u tor@default -f

Àkọ́kọ́ ń wò ó bóyá ẹ kọ fáìlì náà bó ṣe tọ́. Ìkẹta ni ojú tí ẹ fi máa rí ohun tí Tor ń ṣe. Bí ẹ bá ti rí Bootstrapped 100%, ẹ dán an wò:

curl --socks5-hostname 127.0.0.1:9050 https://check.torproject.org/api/ip

Bí ẹ bá rí "IsTor":true, ó ti parí. Ẹ ṣàkíyèsí pé socks5-hostname ni mo kọ, n kò kọ socks5 lásán. Pẹ̀lú socks5 lásán, ẹ̀rọ yín á kọ́kọ́ lọ béèrè orúkọ ìkànnì náà ní gbangba kó tó wọ inú Tor, ẹni tí ẹ ń sá fún á sì ti gbọ́ orúkọ náà. Ètò yòówù tó bá gba SOCKS5, 127.0.0.1 àti 9050 ni kí ẹ fún un. Ti Tor Browser jẹ́ 9150.

Ibi tó dúró sí ló ń sọ ohun tó ṣe é

Nínú Tor Browser, ojú ìwé Connection kan náà ni àkọsílẹ̀ Tor wà, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí wọ́n kọ Tor logs sí. Ẹ ṣí i. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé Bootstrapped ni kí ẹ wá.

Bó bá dúró ní 1%, ọkọ̀ kò tíì jí. Ètò rẹ̀ kò sí níbi tí ẹ ní ó wà, tàbí Tor kò ní àṣẹ láti jí i. Ẹ má yí afárá, kò tíì kan afárá.

Bó bá kúrò ní 1%, tó dúró ní 2%, ọkọ̀ ti jí ṣùgbọ́n kò rí ẹni tó ń lọ bá. Afárá ti kú, tàbí nẹ́tíwọ̀kì dí nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ gbìyànjú èyí tó ní 443. Ẹ tún gbìyànjú afárá kan náà lórí dátà fóònù: bó bá wọlé níbẹ̀ tí kò wọlé lórí Wi-Fi, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

10% ń sọ pé ó ti kan ibùdó. Àyàfi Snowflake: òun máa ń sọ fún Tor pé òun ti dé kí ó tó rí ẹni tó máa gbé e, nítorí náà Snowflake tó bá pẹ́ ní 10% kò tíì kúrò nílé. Láti 14% sí 15% ni ìkíni. Bí obfs4 bá ń dé ibẹ̀ tó sì ń já lemọ́lemọ́, mo máa ń gbà pé aṣọ́nà ti fura, ìgbà yẹn ni mo ń pààrọ̀ ọkọ̀ fúnra rẹ̀, kì í ṣe afárá. Ní 50%, dátà ló lọ́ra, ẹ ṣe sùúrù.

Bó bá dúró ní 30% tàbí nítòsí rẹ̀, ẹ wo aago. Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí èyí, nítorí òun ni mo ń rí jù nínú ṣọ́ọ̀bù mi, kò sì sí ọkọ̀ tó lè wò ó sàn. Wákàtí kọ̀ọ̀kan ni Tor ń tẹ àkójọ ibùdó tuntun jáde, àkójọ kọ̀ọ̀kan sì ń lò fún wákàtí mẹ́ta péré. Ẹ̀rọ tí aago rẹ̀ bá yà jìnnà á rò pé àkójọ náà ti pẹ́ jù, tàbí pé àsìkò rẹ̀ kò tíì tó.

Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ló máa ń ní ìṣòro yìí. Ó máa ń dé pẹ̀lú aago ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, èyí tí Windows kọ Pacific Time sí. Ẹni tó rà á á rí i pé wákàtí kò bára mu, á yí ọwọ́ aago títí tó fi jọ ti Nàìjíríà, kò sì ní fọwọ́ kan ibi tí wọ́n kọ time zone sí. Ní ojú rẹ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀ ni. Tor kì í wo ojú aago, àkókò UTC, aago tí gbogbo ayé jọ ń lò, ló ń wò. Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣíwájú UTC, Pacific fi wákàtí mẹ́jọ rẹ̀yìn, tàbí méje nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Nítorí náà ẹ̀rọ yẹn ti fi wákàtí mẹ́sàn-án tàbí mẹ́jọ ṣìnà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Ẹ kọ́kọ́ tún time zone ṣe sí West Central Africa, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tún wákàtí ṣe. Bí aago náà bá ń padà sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà tí iná bá lọ, bátìrì kékeré tó wà lórí pátákó inú kọ̀ǹpútà ló ti kú, CR2032 ni wọ́n sábà máa ń fi síbẹ̀. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Lórí fóònù àti àwọn nǹkan mìíràn

Tor Browser wà fún Android, Orbot náà wà, àwọn méjèèjì sì ní ibi tí a ti ń yan obfs4 tàbí Snowflake, tàbí kí a lẹ afárá tiwa. Orbot lè gbé áàpù mìíràn gba inú Tor. Ẹ yan áàpù tí ẹ fẹ́ kó gbé, ẹ má fi gbogbo fóònù sínú rẹ̀. Ẹ má fi áàpù báǹkì sínú rẹ̀ rárá, nítorí báǹkì tó bá rí i pé ẹ ń wọlé láti orílẹ̀-èdè mìíràn láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan lè ti àkáǹtì yín pa.

Afárá tí ẹ gbà, ẹ má jù ú sínú gúrúùpù WhatsApp ẹbí tàbí ti ìjọ. Mo mọ̀ pé àánú ló máa ń mú wa ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ló ń fi owó ara rẹ̀ ṣètọ́jú ẹ̀rọ yẹn níbìkan, ibi tí àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ bá sì ti di ti gbogbo ayé ni wọ́n ti máa wá dí i. Ẹ fi ibi tí a ti ń gbà á han ẹni tó nílò rẹ̀, kí òun náà gba tirẹ̀.

Ẹni tó bá ní Wi-Fi tí dátà rẹ̀ kì í tán, tó sì fẹ́ ran ẹlòmíràn lọ́wọ́, kó fi Snowflake sí Firefox tàbí Chrome rẹ̀ kó sì ṣí i sílẹ̀. Láti ọdún 2022 tí ọ̀nà dí gan-an ní Iran ni mo ti ń ṣí tèmi sílẹ̀ ní alẹ́ tí iná bá wà.

Ìwé kékeré kan wà lábẹ́ tábìlì mi. Mo kọ orúkọ ìnagijẹ oníbàárà kọ̀ọ̀kan síbẹ̀, àwòrán mẹ́rin tó jẹ́ ti afárá kọ̀ọ̀kan tó ní, irú ọkọ̀ rẹ̀, bóyá 443 ni, àti ọjọ́ tó ṣiṣẹ́ kẹ́yìn. N kò kọ àdírẹ́ẹ̀sì. Ní ìparí oṣù, mo máa ń ní kí wọ́n dán gbogbo rẹ̀ wò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oníròyìn wa pè mí láti Ẹ̀gbẹ́, ó ní ó ti dúró. Mo bi í pé mélòó ló wà níwájú Bootstrapped, ó ní 2%. Mo ní kó ka àwòrán tó rí fún mi. Ó ní ẹja, agboòrùn, kọ́kọ́rọ́, òṣùpá. Mo ṣí ìwé mi: afárá rẹ̀ kejì nìyẹn, obfs4, kì í sì í ṣe 443. Mo ní kó bọ́ sí ìkẹta, WebTunnel. Kí n tó ti ìwé pa, ó ti ní, "Àǹtí, ó ti wọlé."